Láti orí Làńkẹ́ Ọ̀mu dé orí Ìyanu: Akọni wa ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló kù fún àwọn ọmọ wa?

Ẹni tó bá dúró sí etí títì Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lásìkò tí iléèwé bá parí lọ́sàn-án, yóò rí i pé báàgì tí àwọn ọmọ kéékèèké gbé kọ́ ẹ̀yìn kì í ṣe báàgì lásán. Àwòrán wà lára wọn. Tẹnìkan, ọkùnrin tó wọ aṣọ pupa tó ń ta òwú bí aláǹtakùn ni. Ti ẹlòmíì, ẹni tó da aṣọ sẹ́yìn tó ń fò lójú sánmà ni. Bí ẹ bá bi ọmọ náà ní orúkọ akọni ara báàgì rẹ̀, kò ní í ronú kó tó dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ta ni Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, tàbí ta ni Làńkẹ́ tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Àfàìmọ̀ kó má kàn máa wo yín lójú.

Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 tó sọ ọ́ di ohun tó yẹ kí àwọn àgbà jókòó lé lórí. Èkíní ni pé ní oṣù kẹrin ọdún náà, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Cartoon Network ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré àwòrán kan jáde tó ń jẹ́ Ìyanu. Ìtàn ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni, tó ní agbára àràmàǹdà, tí gbogbo rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́. Ọmọ Nàìjíríà, Roye Okupe, ló kọ ọ́. Èkejì ni pé ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, mínísítà fétò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ wò ó. Ọdún tí akọni Yorùbá dé orí tẹlifíṣàn àwọn aláwọ̀ funfun náà ni ọdún tí wọ́n ní kí èdè Yorùbá kúrò nípò èdè tí tíṣà fi ń kọ́ ọmọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

AKỌNI TIWA MÁA Ń ṢUBÚ

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú akọni tí à ń sọ. Ní ọdún 1938, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Jerry Siegel àti Joe Shuster, gbé Superman jáde nínú ìwé àwòrán. Ìbọn kì í ràn án, ó lè fò, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó lè gbé e dálẹ̀. Ọdún 1938 yìí kan náà ni ìwé Olóyè D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde nílé tiwa. Akàrà-oògùn tó jẹ́ ògbójú inú ìwé náà ní oògùn lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà á, ó máa ń sá, ìyà sì máa ń jẹ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, oògùn egbé ló ń ké sí kó gbé òun lọ sílé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì kì í ṣe kékeré. Agbára nìkan ni akọni ti àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń bẹ̀rẹ̀. Akọni tiwa ní agbára, ó ní àbùkù, àbùkù yẹn ló sì ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo kò ní í bá wa jiyàn. Ìjàpá yóò ta ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ta rí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọgbọ́n náà yóò ti dì í mú lọ́rùn ẹsẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà padà rí i pé akọni tí kì í ṣe àṣìṣe máa ń sú èèyàn. Ní ọdún 1980, ìwé àwòrán àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Nutty, gbé akọni kan jáde tí wọ́n pè ní Bananaman. Ọmọkùnrin kan báyìí ni, kò sí ohun tó fi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan péré, òmìrán tó ń fò lójú sánmà ló ń dà. Ọ̀fìn kan ló wà níbẹ̀: bí agbára ṣe ń wọ apá rẹ̀ ni ọgbọ́n ń jò dànù lórí rẹ̀. Ká ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ohun tí yóò máa jẹ kò ní í wọ́n ọn, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní oko Ọdẹ́dá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn rẹ̀ títí iléeṣẹ́ BBC fi sọ ọ́ di eré orí tẹlifíṣàn ní ọdún 1983.

Ṣùgbọ́n kí Bananaman tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ Ẹ̀gbá kan ti kọ ti akọni tó ju tirẹ̀ lọ.

ỌMỌ Ẹ̀GBÁ TÓ KỌ ÌTÀN Ọ̀MU

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Amos Tutuola ní ọdún 1920. Kò jìnnà nínú ìwé kíkà, torí nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1939, kò sí ẹni tí yóò san owó iléèwé rẹ̀ mọ́. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì padà di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Ibẹ̀ ló ti ń kọ ìwé. Ní ọdún 1952, iléeṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde fún un.

Ta ni akọni inú ìwé yìí? Ọ̀mùtí ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń mu ẹmu, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko ọ̀pẹ tó ní igi 560,000, ó tún gba adẹ́mu fún un. Ìgbà tí adẹ́mu yìí já láti orí ọ̀pẹ tó kú ni ọ̀mùtí kó oògùn jọ, ó ní òun yóò wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá àwọn òrìṣà. Ó lè di ẹyẹ, ó lè di ọkọ̀ ojú omi, ó fi àwọ̀n mú Ikú. Síbẹ̀ nítorí ẹmu ni gbogbo wàhálà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nítorí àtigba ìlú là.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tó yẹ kí gbogbo òbí sọ fún ọmọ. Ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ ilé kan, wọ́n ta ikú wọn ní 70 pọ́n-ùn, ṣílè 18 àti pẹ́nì 6, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni ní 3 pọ́n-ùn àti ṣílè 10 lóṣù kan. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà. Ikú ni wọn kò lè gbà mọ́, torí wọ́n ti tà á pátápátá. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Ẹ gbọ́ ná, akọni tí kò lè kú, tí jìnnìjìnnì ṣì ń bò! Superman kò ní irú rẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ funfun yin ìwé náà. Akéwì ńlá nì, Dylan Thomas, kọ̀wé láti kan sáárá sí i nínú ìwé ìròyìn The Observer ní ọdún 1952. Nílé ńkọ́? Ìtìjú ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa fi gbà á. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dánmọ́rán, wọ́n ní ó fẹ́ ba Nàìjíríà lórúkọ jẹ́.

Ẹni tó wá mú ọmọ yìí wálé ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ní ọdún 1963, ní yunifásítì Ìbàdàn, ó sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá. Ó fún ọ̀mùtí tí Tutuola kò fún lórúkọ ní orúkọ, ó pè é ní Làńkẹ́. Ìgbà yẹn ni ará ọjà, àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ pé tiwọn ni ìtàn náà. Ní ọdún 1969, eré yìí dé Algiers níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni a máa padà sí.

ÌGBÀ TÍ AKỌNI WÀ LỌ́WỌ́ WA

Àwọn tó bá ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún yóò rántí Atọ́ka. Ọdún 1967 ni ìwé ìròyìn alátọ́ka yìí bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn inú rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ẹnu òṣèré kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí a mọ̀ lójú àgbo ló ń ṣe é. Ẹni tí kò lọ síléèwé rárá lè fi ojú wo àwòrán rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ sì ka ọ̀rọ̀ sí i létí. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀wé kà nìyẹn láìsí tíṣà.

Lásìkò kan náà, Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ń pa ìlú lẹ́rìn-ín pẹ̀lú gíláàsì ràgàjì lójú àti aago ńlá lọ́rùn. Òun náà kì í borí bí akọni. Àṣejù rẹ̀ ló máa ń dá sẹ̀ríà fún un, a ó rẹ́rìn-ín títí, a ó sì kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe ẹ̀rín. Fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, tó jáde ní ọdún 1982, bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè tó ń ṣe àdàkọ. Owó tó yá láti fi ṣe é di gbèsè sí i lọ́rùn. Ó kú ní ọdún 2018, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà pé ọgbẹ́ yẹn kò jinná tán.

Wálé Adénúgà ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super ní ọdún 1976. Níbẹ̀ la ti mọ Pápá Ajásco, bàbá apárí oníkùn ńlá tí ọ̀ràn obìnrin máa ń kó sí wàhálà. Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni ìwé yẹn, kì í sì í ṣe ohun tí à ń gbé síwájú ọmọdé. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ará Nàìjíríà yóò fi owó rẹ̀ ra ìwé àwòrán bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bá ilé mu. Pápá Ajásco di fíìmù ní ọdún 1984, ó sì padà di eré orí tẹlifíṣàn tí gbogbo ilé ń wò.

Ìyàtọ̀ ni ti Powerman. Ní ọdún 1975, àwọn òyìnbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwé akọni aláwọ̀ dúdú kan fún wa, wọ́n sì ń kó o wá tà ní Nàìjíríà. Dave Gibbons àti Brian Bolland ló ya àwòrán rẹ̀, òyìnbó ni àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, àwọn ayàwòrán méjèèjì sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n akọni tí a rà lọ́jà ni, kì í ṣe èyí tí a bí.

ÌYANU DÉ, Ẹ KÁÀBỌ̀ O

A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe báyìí. Jídé Martin dá Comic Republic sílẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 2013, wọ́n sì ti gbé ọ̀pọ̀ akọni ọmọ Nàìjíríà jáde. Ìwé Ìyanu jáde ní ọdún 2021 láti iléeṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà kó tó di eré, Godwin Akpan ló sì ya àwòrán rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, eré Ìwájú tí iléeṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe, tó dá lórí Èkó ọjọ́ iwájú, ti jáde. Ẹni tó bá wò wọ́n yóò rí aṣọ wa, ilé wa àti orúkọ wa. Orí wú.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan yóò ní kí ló kàn wá nínú èyí, ṣebí ìtàn náà ni tiwa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó ń gbé owó ńlá mì kò lè tà á fún Yorùbá nìkan, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Tutuola pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ́kọ́ ta tirẹ̀ fún ayé.

Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé, ta ni Ògúnmọ́lá tòní? Ta ni yóò gba Ìyanu lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò fi ohùn Yorùbá sí i lẹ́nu, kí ìyá àgbà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè jọ wò ó, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín? Títí di àsìkò yìí, ẹni tó bá fẹ́ wo irú eré bẹ́ẹ̀ nílò satẹ́láìtì tàbí dátà, ó sì nílò Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ abúlé tí ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kò ní í rí i.

KÍLÁÀSÌ LÓ KÙ, WỌ́N TÚN TI Í

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mínísítà ti wọlé. Ìlànà tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022 ní kí wọ́n fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ níléèwé. Nígbà tí Dókítà Alausa ń fagi lé e, ó ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

A kò ní í sọ pé mínísítà kò ní ohun tó rí. Ìlú ńlá wà tí ọmọ inú kíláàsì kan ń sọ èdè márùn-ún. Tíṣà tó lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń san owó iléèwé lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìlànà yẹn jáde, kò tíì kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025. Báwo ló ṣe wá fìdí rẹmi nínú WAEC? Bó bá jẹ́ ìlànà ti àtijọ́ ni mínísítà ń bá wí, ìyẹn láti ọdún 1977, gbogbo wa la mọ̀ pé orí ìwé ló pọ̀ sí jù. A kò lè sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́ nígbà tí aláìsàn kò tíì lò ó.

Ibi tí wọ́n ti lò ó dáadáa, a mọ ohun tó bí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn sí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tilẹ̀ ń ta wọ́n yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ìwé ni Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó kọ, torí kò sí ìwé Yorùbá fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Òfin nìkan kò tó. Ohun kíkà ni ọmọ ń fẹ́.

IṢẸ́ WÀ NÍ ÒṢÍẸ̀LẸ̀

Bí ìjọba bá ti ti ilẹ̀kùn kíláàsì, fèrèsé ṣì wà. Ohun tí ọmọ bá ń kà fún ìgbádùn ara rẹ̀, mínísítà kan kò lè fagi lé e. Òṣíẹ̀lẹ̀ sì wà nípò láti ṣe púpọ̀. Iléèwé gíga tí ìjọba àpapọ̀ fi ń kọ́ àwọn olùkọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí FCE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, ó sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó mọ Yorùbá kọ pẹ̀lú àmì ohùn àti ẹni tó mọ àwòrán yà ń jẹun ní bùkátéríà kan náà. Kí ló dé tí iṣẹ́ àṣekágbá wọn kò fi lè jẹ́ ìwé àwòrán kékeré kan lọ́dọọdún, tó dá lórí Ìjàpá tàbí lórí akọni tuntun tí àwọn fúnra wọn ṣẹ̀dá, tí agbára rẹ̀ pọ̀ tí ọgbọ́n rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé?

Àwa oníwèé ìròyìn náà kò gbọ́dọ̀ yọ ọwọ́. Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859, lédè Yorùbá, fún àwọn ará Ẹ̀gbá. Bí wọ́n bá lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò sí iná mànàmáná, ìdajì ojú ewé kan lọ́sẹ̀ fún àwòrán ọmọdé kò yẹ kó ṣòro fún wa lónìí. Rédíò pẹ̀lú lè sọ ìtàn akọni lójú méjèèjì, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Èyí tó kù di ọwọ́ ẹ̀yin òbí àti òbí àgbà. Ọmọ tó gbé àwòrán aláǹtakùn sẹ́yìn kò ṣẹ̀, ohun tó rí ló gbé. Ẹ pè é lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ọmọ Ẹ̀gbá kan wà tó kọ ìtàn ọ̀mùtí tó ta ikú rẹ̀ ní 70 pọ́n-ùn, tó sì gbàgbé láti ta ẹ̀rù rẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, yóò béèrè pé, "Bàbá, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ọjọ́ tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, kó má jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìwé tí ẹ máa rí fà lé e lọ́wọ́.